Orlando Martins: Ọmọ Èkó Nínú Fíìmù Ìlú Ọba, 1940 sí 1949

Bí a bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí wa pé ta ni Ronald Reagan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà kan rí ni. Àwọn díẹ̀ yóò fi kún un pé òṣèré fíìmù ni kó tó di ààrẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bèèrè pé ta ni ọmọ Èkó tó bá Reagan ṣeré nínú fíìmù kan náà ní ọdún 1949, mo bẹ̀rù pé ilé yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Orúkọ ọmọ Èkó náà ni Orlando Martins, òun sì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ nínú àròkọ yìí.

Ogójì ọdún ni Martins fi gbé ní Ìlú Ọba. N kò lè ro gbogbo rẹ̀ tán níhìn-ín. Ọdún mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, láti 1940 títí dé 1949. Inú ọdún mẹ́wàá yìí ni Ogun Àgbáyé Kejì ti jà. Inú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúdú tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ ọ́ síta gbangba pé ó tó gẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ náà ni Martins ti kúrò ní ẹni tí wọ́n fi ń kún èrò nínú fíìmù, tó di òṣèré tí ènìyàn ń wò tí kì í gbàgbé. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ dáhùn: ṣé ó yẹ kí á fi òṣèré yìí yangàn, nígbà tó jẹ́ pé òyìnbó ló kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí, tí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fún un ṣe kò sì bu iyì kún ilẹ̀ Áfíríkà?

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni wọ́n bí i ní Èkó. Martins, orúkọ ìdílé rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára irú orúkọ tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Brazil. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun, tí àwọn kan nínú wọn, tàbí àwọn ọmọ wọn, sì padà wá tẹ̀dó sí Èkó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò. Nígbà tí ogun parí, ní 1919, ó fìdí kalẹ̀ sí London.

Iṣẹ́ kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, owó ló wọ́n. Ó ru ẹja ní ọjà Billingsgate. Ó ṣọ́dẹ òru. Ó ja ìjàkadì fún àwọn tó sanwó ìwòran. Ó tún bá ẹgbẹ́ eléré kan tí ń fi ẹranko dárà kiri, tó jẹ́ pé ejò ni ti tirẹ̀. Ọkùnrin tó ga tó sì sígbọnlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì wúwo. Ìdúró yìí ló mú un dé orí ìtàgé, tó sì tún mú un dé iwájú kámẹ́rà ní ìgbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà kò ju kó dúró láàárín èrò lọ.

Kí ọdún 1940 tó dé, ó ti bá Paul Robeson, ìlúmọ̀ọ́ká akọrin àti òṣèré aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣeré. Ó wà nínú Sanders of the River ní 1935, fíìmù tó fi òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan hàn bíi bàbá tí ń tọ́ àwọn ènìyàn Áfíríkà bí ọmọ ọwọ́. Jomo Kenyatta, tó padà wá di olórí ilẹ̀ Kenya, wà lára èrò tí wọ́n kó jọ fún fíìmù yìí kan náà. Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ pé òun ṣe é nígbà tó rí ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ òun sọ. Ní ọdún kejì, 1936, Robeson àti Martins tún jọ wà lórí ìtàgé Westminster ní London, nínú eré tí C. L. R. James, ọmọ Trinidad, kọ nípa Toussaint Louverture, akọni tó ṣáájú àwọn ẹrú Haiti nínú ìjà òmìnira wọn. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, òyìnbó ló mú kálámù dání. Nínú ìkejì, ènìyàn dúdú ló mú un dání. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà síbẹ̀.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1939. Láti oṣù Kẹsàn-án 1940 títí di oṣù Karùn-ún 1941, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ń já lu London ní òru lẹ́yìn òru. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé lọ sí ilé sinimá. Wọ́n ti pa tẹlifíṣàn BBC láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, kò sì padà títí di 1946. Sinimá ni ibi tí tálákà àti olówó ti ń lọ gbàgbé wàhálà fún wákàtí méjì. Ní 1946 yìí, iye ìgbà tí àwọn ará Ìlú Ọba wọ ilé sinimá lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Bí a bá pín in fún gbogbo ènìyàn tó wà nílùú, àtọmọdé àtàgbà, ó ju ọgbọ̀n ìgbà lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún kan. Nítorí náà, ohunkóhun tí fíìmù bá sọ nípa ènìyàn dúdú nígbà náà, etí tó gbọ́ ọ kò kéré.

Ó yẹ kí á tún mọ irú ìlú tí Martins ń gbé. Ní 1943, Learie Constantine, ọmọ Trinidad tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí eré kíríkẹ́ẹ̀tì, gba yàrá sílẹ̀ fún ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ní Imperial Hotel ní London. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n sọ fún un pé òru kan ṣoṣo ni àwọn lè gbà á láyè, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Constantine pe ilé ìtura náà lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1944. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún ẹni tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹ fojú inú wo bí yóò ti rí fún ọmọ Èkó kan tí ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oní fíìmù.

Ní àkókò yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí wọ́n ṣe fíìmù ńlá kan láti fi hàn pé àwọn ń tún ayé àwọn ènìyàn Áfíríkà ṣe. Àkọlé rẹ̀ ni Men of Two Worlds. Thorold Dickinson ló darí rẹ̀. Lára àwọn tó bá a hun ìtàn rẹ̀ ni Joyce Cary, òǹkọ̀wé tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà nígbà kan rí. Ní 1943 ni wọ́n lọ sí Tanganyika, tí í ṣe apá kan Tanzania òde òní, láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ogun dá wọn dúró, ó di 1946 kí fíìmù náà tó jáde.

Ìtàn rẹ̀ rèé ní ṣókí. Kisenga, ọmọ Áfíríkà kan tó ti lo ọdún púpọ̀ ní London, tó sì mọ dùùrù tẹ̀ bí òyìnbó, padà sí abúlé rẹ̀. Robert Adams, ọmọ Guyana, ló ṣe Kisenga. Àìsàn oorun tí eṣinṣin ń kó ran ènìyàn ti ń pa àwọn ará abúlé náà, ìjọba sì fẹ́ kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó lòdì sí i ni Magole, oníṣègùn abúlé. Ó dúnkookò mọ́ Kisenga pé yóò kú, ìpayà sì dá Kisenga wó lóòótọ́. Orin tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ, tí àwọn ọmọdé wá ń kọ létí rẹ̀, ló jí i padà. Bí agbára Magole ṣe fọ́ nìyẹn. Orlando Martins ló ṣe Magole.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Magole. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti ọ̀rọ̀ dókítà mọ́ra wọn. Ní èdè Yorùbá, a kò jẹ́ da wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Babaláwo yàtọ̀ sí oníṣègùn, oníṣègùn yàtọ̀ sí àjẹ́, àjẹ́ sì yàtọ̀ sí oṣó. Iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú tí ìlú fi ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wo fíìmù ní Manchester tàbí ní Glasgow, gbogbo wọn ti di ènìyàn kan ṣoṣo: ọkùnrin dúdú tí ń fi ẹ̀rù ṣe ìjọba lórí àwọn aláìmọ̀kan. Martins mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí ọmọ Èkó ni. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó fi ara rẹ̀ sọ ohun tí èdè abínibí rẹ̀ kò sọ.

Àwọn kan wà ní London tí kò dákẹ́. Láti 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ti dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí gbọ́ irú ìtàn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù náà, wọ́n kọ̀wé lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn pé ìtàn náà tàbùkù àwọn ènìyàn Áfíríkà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ta kókó. Nínú ìlú kan náà, ní ọdún kan náà, ọmọ Yorùbá kan ṣáájú ẹgbẹ́ tó ń bínú sí fíìmù náà, ọmọ Èkó mìíràn sì wà lára àwọn tó ṣeré inú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì wa, ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó gba owó òyìnbó láti fi orílẹ̀ ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni a fẹ́ fi í yangàn fún?" Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Ìwọ ìbá jókòó kí ebi pa ọ́ ni?" Olùkọ́ wa kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ní kí á ronú sí i pé, bí Martins bá kọ̀, ta ni wọn ìbá tún fún ní iṣẹ́ náà, àti pé irú iṣẹ́ mìíràn wo ló wà nílẹ̀ fún un.

Mo ti ronú sí i, ohun tí mo rí nìyí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ WASU jàre. Fíìmù tí ìjọba fẹ́ fi yí àwọn ènìyàn lọ́kàn padà kì í ṣe eré lásán, ẹni tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Ṣùgbọ́n Martins náà kò jẹ̀bi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin lè kọ lẹ́tà sí ìjọba kó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Òṣèré tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, tó ti ru ẹja rí, tó ti súnmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún un, ilẹ̀kùn náà sì kéré ju gíga rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Martins gba inú ìlẹ̀kùn náà wọlé pẹ̀lú ojú tó là. Kò fi Magole ṣe aláwàdà. Ó fún un ní ìdúró àgbà àti ohùn ẹni tó gbà pé ilẹ̀ bàbá òun ni wọ́n fẹ́ gbà. Ẹni tó kọ ìtàn ti pinnu pé Magole ni yóò pàdánù, ṣùgbọ́n Martins kò jẹ́ kó pàdánù bí òpè.

Iṣẹ́ kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà. Ní 1945, ó ti wà nínú The Man from Morocco. Ní 1947, ó wà nínú The End of the River, fíìmù tí wọ́n lọ ṣe nínú igbó ilẹ̀ Brazil, níbi tí Sabu, òṣèré ọmọ India, ti jẹ́ aṣáájú. Ó gbàfiyèsí mi pé ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ Àgùdà ló wá ń ṣeré nínú ìtàn ilẹ̀ Brazil. Ní 1948, ó ní ipa kékeré nínú Good Time Girl. Ọdún 1948 yìí kan náà ni ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury ní oṣù Kẹfà, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọmọ Caribbean tó wá ṣiṣẹ́. Martins ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní London kí ọkọ̀ náà tó dé.

Lẹ́yìn èyí ni The Hasty Heart dé. Eré orí ìtàgé ni tẹ́lẹ̀, John Patrick, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Martins ti ṣe é lórí ìtàgé ní London kó tó di fíìmù ní 1949. Vincent Sherman ló darí fíìmù náà. Richard Todd, Patricia Neal àti Ronald Reagan ni wọ́n ṣíwájú nínú rẹ̀. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn tí mo ń wá wà.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ni, nítòsí ibi tí ogun Bọ́mà ti ń parí lọ. Àwọn aláìsàn wà nínú yàrá kan: Amẹ́ríkà kan, Gẹ̀ẹ́sì kan, ọmọ Australia kan, ọmọ New Zealand kan, àti ọmọ ogun Áfíríkà kan tí wọ́n ń pè ní Blossom. Martins ni Blossom. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó mọ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é yìí. Wọ́n wá gbé ọmọ Scotland kan dé, Lachie ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ dà bí ẹni tó ti yá, ṣùgbọ́n àwọn dókítà mọ̀ pé kídìnrín rẹ̀ kò lè gbé e ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Wọn kò sọ fún un. Wọ́n bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n fà á mọ́ra kó lè rí ayọ̀ díẹ̀ kó tó kú.

Lachie jẹ́ ẹni líle. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, kì í sì í fẹ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tuntun fún un ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Ó wá ku ọ̀la kí ó di ọ̀tunla, ó gbọ́ pé òun ń kú lọ, gbogbo nǹkan sì dojú rú. Ó gbà pé àánú lásán ni wọ́n ń ṣe òun, pé gbogbo ọ̀rẹ́ náà kò ju ẹ̀tàn lọ. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Ìgbà náà ni Blossom na ìlẹ̀kẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sín sí i. Lachie kọ̀ ọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà náà, tí Reagan ṣe, fi ìbínú sọ fún un pé Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ̀ pé ó ń kú lọ. Ẹ̀bùn tirẹ̀ kì í ṣe àánú rárá. Ó fún un nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí ló fọ́ ọkàn Lachie. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gba ìlẹ̀kẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Gbogbo àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá náà ni Lachie lè fura sí. Ẹni tí kò gbọ́ ọ nìkan ni kò lè fura sí. Bí a bá yọ Blossom kúrò, ìtàn náà kò ní ọ̀nà àbáyọ. Martins kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rín rẹ̀ ló fi ṣe é. Todd ló ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù lọ, wọ́n sì fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Oscar, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù náà parí, ìlẹ̀kẹ̀ Blossom ló kù sí mi lọ́kàn.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ogun Bọ́mà kì í ṣe ogun àwọn ẹlòmíràn nìkan. Àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia wà nínú ẹ̀ka kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, tí wọ́n jà nínú igbó Arakan àti àfonífojì odò Kaladan. Wọ́n fi orí ru ẹrù gba ibi tí ọkọ̀ kò lè gbà. Títí di òní, àwọn àgbàlagbà ṣì máa ń dárúkọ Bọ́mà bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun náà. Àwọn ará Ìlú Ọba kò fi bẹ́ẹ̀ rántí wọn nínú fíìmù wọn. Nínú The Hasty Heart, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀dì kan wà fún ọmọ Áfíríkà láàárín bẹ́ẹ̀dì àwọn yòókù, oògùn kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbà.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ ṣe àsọdùn. Blossom kò ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ tí a gbọ́. A kò mọ ìlú rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ó ní ìyàwó tàbí ọmọ. Ẹni tó kọ ìtàn náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bi í léèrè ohunkóhun. Láàárín ọdún mẹ́ta, Martins ti kúrò ní ọ̀tá tí ń dẹ́rù bani, ó ti di ọ̀rẹ́ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ìlọsíwájú ni, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí a ń lọ.

Ibo ni à ń lọ? Ní 1945, nígbà tí Martins ń wá iṣẹ́ ní London, Hubert Ògúndé ti kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nílé, ó sì dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Ògúndé sì fi ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì náà ṣe eré. Ọdún yẹn náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London. Ògúndé kò ní kámẹ́rà, kò ní owó ńlá, ṣùgbọ́n ó ní kálámù. Ohun tó bá wù ú ni òṣèré rẹ̀ ń sọ, àwọn èrò ìwòran sì ń gbọ́ ọ yékéyéké. Martins ní kámẹ́rà tó dára jù lọ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kálámù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn níṣàájú nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo fi ẹnìkan bú ẹnìkejì. Ní ìparí ayé rẹ̀, Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣeré nínú Mister Johnson, fíìmù tí àwọn òkè òkun fi ìwé Joyce Cary ṣe, Cary kan náà tó bá wọn hun ìtàn Magole. Ọdún 1990 tí fíìmù náà jáde ni Ògúndé kú. Ẹni tó ní kálámù náà a máa wọ inú ìtàn ẹlòmíràn nígbà mìíràn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ nílé kó tó jáde.

Martins náà padà sílé ní 1959, ọdún kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ní 1970, ó wà nínú Kongi's Harvest, fíìmù tí wọ́n fi eré Wọlé Ṣóyínká ṣe, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi nínú rẹ̀. Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Lẹ́yìn gbogbo Magole àti Blossom, ó wá ṣeré lórí ilẹ̀ tirẹ̀, nínú ìtàn tí ọmọ Yorùbá kọ. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ló kú ní Èkó. Reagan tí wọ́n jọ wà nínú yàrá ilé ìwòsàn inú fíìmù ṣì wà lórí àga ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó yẹ kí á fi Orlando Martins yangàn, kì í ṣe nítorí àwọn ìtàn tí wọ́n fún un ṣe, bí kò ṣe nítorí ohun tó fi ara rẹ̀ kún wọn. Ó yẹ kí á tún fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ WASU yangàn, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti dákẹ́. A kò ní láti yan ọ̀kan ká ta ìkejì nù. Ẹnìkan di ààyè mú nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn yòókù dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bèèrè pé ta ló ni ilé náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń kọ́ wa ní ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ dárúkọ ọkùnrin yìí fún wa. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó jókòó ti fíìmù àtijọ́, ẹ bá a jókòó, kí ẹ sì bi í pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí òṣèré yẹn ń sọ. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí lè ya fíìmù, a sì ní kálámù. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọn kò bi Blossom dé: kí ni orúkọ rẹ, ọmọ ta ni ọ́, níbo ni ilé rẹ wà?